Malt, mílíìkì àti oògùn ẹ̀jẹ̀ mi

Inú balùwẹ̀ ni mo sá pa mọ́ sí bí mo ṣe ń tẹ èyí. Mummy, ìyá ọkọ mi, wà lẹ́nu ọ̀nà.

Mo lóyún, ẹ̀jẹ̀ ò sì tó lára mi. Lónìí ni agbẹ̀bí mi pè, mo fi fóònù sí speaker. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ò tíì gòkè. "Kí lo fi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí mo fún ẹ?"

Kí n tó lanu, Mummy ti dáhùn: "Malt àti mílíìkì ni. Èmi ni mò ń pò ó fún un."

Agbẹ̀bí ní mílíìkì kì í jẹ́ kí oògùn náà wọ ara dáadáa, omi ọsàn ni kí n máa fi lò ó.

Mo pa fóònù. Mummy wò mí.

"Malt tí mo rà ní ọjà Rye Lane ló wá di májèlé? Òun náà ni mo mu bí ọkọ ẹ. Ṣé ó jọ ẹni tí ò lẹ́jẹ̀ lára?"

Ni wọ́n bá na ife malt àti mílíìkì sí mi. Mo gba ife, mo ní, "Ẹ ṣé, Mummy." Mo wọ balùwẹ̀, mo dà á nù.

Ni mo bá gbọ́ ohùn wọn: "Ìyàwó mi, rọra mu ún o. Mo ti ń po ìkejì."

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa jáde níbí?