Sylvanus, Ọ̀rẹ́ Áàkítọ̀

Bí ẹ bá bèèrè Sylvanus Adéṣọlá lọ́wọ́ àwọn ará Mayesbrook ní London, wọ́n á ní bàbá dúdú tó máa ń dé fìlà kábọ́ì lọ ra búrẹ́dì ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, bàbá yìí kan náà á wọ sùtánà funfun, á bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà wọn ní Castle Green, á fi ẹsẹ̀ lásán wọlé. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni. Ó fi ọdún gbọọrọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ mọ́tò ní Dagenham kó tó fẹ̀yìn tì. Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, kò sì sí ìpàdé kan tó ti jókòó síwájú láyé rẹ̀. Olúfúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé ohun kan ṣoṣo tó kù tí Olúwa máa tún ṣe lára ọkọ òun ni ọ̀rọ̀ sinimá.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni àìsàn sinimá yìí ti mú un. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí mọ́tò sinimá wá sí pápá ilé ìwé wọn, tí wọ́n ta aṣọ funfun sáàárín òpó méjì. Òyìnbó kan gẹṣin jáde lójú aṣọ náà, ó ń ta gìtá, ó ń kọrin, fìlà rẹ̀ kì í sì í já bọ́ bó ti wù kó jà tó. Áàkítọ̀ nìyẹn. Gbogbo ọmọ tó wà ní pápá lọ́jọ́ náà ló fẹ́ di áàkítọ̀, àfi Sylvanus. Ẹni tó ń tẹ̀ lé áàkítọ̀ ni tirẹ̀ ń wò: ọkùnrin sísanra kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ rí jákujàku, tó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tó ń se ẹ̀wà fún gbogbo wọn, tó ń fi ohùn kejì gbe orin ọ̀gá rẹ̀, tí ìbọn sì máa ń bà nígbà tó bá ku díẹ̀ kí fíìmù parí. Ọ̀rẹ́ áàkítọ̀ ni àwọn ọmọ ń pè é. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bèèrè. Ó dun Sylvanus wọra. Mi ò lè sọ ìdí rẹ̀ fún yín, nítorí òun náà ò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó dé London, tó ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ mọ́tò, òun àti òyìnbó kan tó ń jẹ́ Len ni wọ́n jọ ń de ilẹ̀kùn mọ́ ara mọ́tò. Lọ́jọ́ kan Len ń súfèé orin kábọ́ì kan, Sylvanus ò mọ ìgbà tó fi ohùn kejì gbè é. Len fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó bèèrè ibi tó ti mọ orin náà. Sylvanus ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Len rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá wọn fi wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà lé ní ogójì ọdún. Len ló ń ṣáájú, Sylvanus ló ń tẹ̀ lé e, ìyẹn sì tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn.

Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n gba gbọ̀ngàn kékeré kan ní Eastbury fún ọ̀sán Ọjọ́rú. Wọ́n ń gbé fíìmù àtijọ́ sí i, àwọn arúgbó bíi mélòó kan á wá jókòó. Òfin kan ni wọ́n fi lélẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pàtẹ́wọ́ fún áàkítọ̀. Orúkọ kéékèèké tó máa ń jáde níkẹyìn ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Alásè, onígbàjámọ̀, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin, àwọn mẹ́ta tó máa ń dúró lẹ́yìn áàkítọ̀ ta gòjé, ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó jábọ́ lórí ẹṣin. Len ra ìwé ńlá kan tí wọ́n ń kọ àwọn orúkọ náà sí. Ó ní àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe ọgọ́rùn-ún fíìmù kí wọ́n tó kú, kò sì sẹ́ni tó lè dá wọn mọ̀ lójú títì.

Ẹ̀dọ̀fóró Len bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún ní ọdún tó kọjá. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò bímọ, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Australia, kò sì kọ ìwé sí i mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ilé Len, wọ́n ń wo èyí tí ìbọn ti ba ọ̀rẹ́ áàkítọ̀. Áàkítọ̀ sáré dé, ó gbé orí rẹ̀ sórí itan, ọkùnrin náà sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kan, ó sì kú.

"Ṣé o rí i, Syl?" ni Len wí. "Bó ti wù kí fíìmù náà burú tó, wọn kì í jẹ́ kó dá kú. Ẹnì kan á dé bá a."

Sylvanus ní òun rí i. Len wúkọ́ títí, ó wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní òun ò bèèrè orin, òun ò bèèrè òdòdó. Bí ọjọ́ náà bá dé, kí Sylvanus ṣáà wà nínú yàrá. Nọ́ńbà rẹ̀ nìkan lòun fún àwọn dókítà.

"Màá wà níbẹ̀," ni Sylvanus wí, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, nínú ìsìn ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀mí gbé Ìyá Aríran Wúrà. Ó dúró síwájú Sylvanus, ojú rẹ̀ pa dé, ó ní òun rí ibùsùn funfun, òun rí ẹnì kan tó dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀, òun ò rí ojú onítọ̀hún, àmọ́ ó ń pe Sylvanus, Sylvanus, ó sì ń wo ẹnu ọ̀nà. Ohun tó rí nìyẹn, kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Àwọn àgbà ìjọ ló túmọ̀ rẹ̀. Olùṣọ́ Jésùfẹ́mi ní ikú ni, ikú ti mọ orúkọ Sylvanus, tó bá sì dá a lóhùn, ó di kó máa bá a lọ. Ẹ kúkú mọ̀ wá. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kì í bọ̀ wá létí pé bí ẹni tí a ò rí bá pe orúkọ wa, a ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ.

Wọ́n ní kó máa gbé inú ilé àdúrà fún ọjọ́ méje. Kò gbọdọ̀ jáde, kò gbọdọ̀ bá ará ìta sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ dá ìpè kankan lóhùn. Olúfúnkẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ó jù ú sínú báàgì.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ nípa ọkùnrin yìí, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Len. Ó la ẹnu láti sọ pé bóyá ọ̀rẹ́ òun tó ń ṣàìsàn ni ìran náà ń wí, ó sì tún pa á dé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé Len ò sí ní ilé ìwòsàn, pé Ọjọ́rú tó kọjá ni Len jẹ ẹja àti ọ̀dùnkún díndín tó sì ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, pé ọjọ́ méje kì í ṣe nǹkan. Àwáwí ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù ikú ló bà á.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sùn sórí ẹní fún ọjọ́ méje, tó ń mu omi àdúrà, tó ń ka Sáàmù láàárín àbẹ́là, tí ariwo ọkọ̀ ojú títì A13 ń dún létí rẹ̀. Ọjọ́rú dé, ó rántí gbọ̀ngàn Eastbury, ó sì sún mọ́ ilẹ̀kùn. Ó dúró níbẹ̀ díẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀, ó padà sórí ẹní.

Nígbà tó jáde lọ́jọ́ Ẹtì kejì, inú Olúfúnkẹ́ ń dùn. Ó gbé fóònù lé e lọ́wọ́, ó sì ń ròyìn bí òun ṣe jagun fún un. Ó ní fóònù náà dún lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò gbé nọ́ńbà kankan wá. Òun gbé e, ohùn kan sì pe orúkọ ọkọ òun.

"Daddy Iyì, no number o," ló wí. "Ó kàn ń pè yín, 'Sylvanus? Sylvanus?' Mo ka Psalm 91 sí i, mo cut ẹ̀. Ó tún pè. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Mo wá switch off ẹ̀ pátápátá."

Sylvanus mọ̀ kó tó tan fóònù náà. Òun tí àwọn dókítà ti pè nítorí ìyàwó rẹ̀ nígbà kan mọ̀ pé ìpè ilé ìwòsàn kì í gbé nọ́ńbà wá. Ohùn obìnrin tó wà nínú ẹ̀rọ fóònù ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi sílẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti nọ́ọ̀sì, tó ní kó jọ̀ọ́ kó tètè máa bọ̀. Ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìmí ènìyàn, ìmí tó ń họ, ohùn Len sì pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Sylvanus pa fóònù. Kò lè gbọ́ ọ tán.

Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, ẹlòmíràn ti wà lórí ibùsùn náà. Ọmọ Ìlọrin kan tó ń tọ́jú àwọn aláìsàn, Raodah lorúkọ rẹ̀, mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó ní ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbé Len wá. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìyẹn àná, ló kú. Òun kàn lọ fún ẹnì kan lómi ni, nígbà tí òun fi máa padà, ó ti lọ.

"Ó ń wo door yẹn títí, sir," ló wí. "Mo sọ fún un pé you're on your way. Irọ́ ni mo pa fún un. Ṣé mo ṣe dáadáa?"

Sylvanus dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wọ bọ́ọ̀sì padà sílé.

Olúfúnkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tó gbọ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun ló máa ń se ìrẹsì fún Len lọ́jọ́ Kérésì, ó sunkún rẹ̀ dáadáa. Àmọ́ nígbà tó sunkún tán, ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé tí wọ́n bá pè é láti jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi, kó jọ̀ọ́, kó má dójú ti àwọn àgbà. Ta ló mọ̀ bóyá àwọn méjèèjì ni ikú wá mú?

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ilé àdúrà kún. Olùṣọ́ Jésùfẹ́mi ní kí ìjọ fi ìyìn fún Olúwa, pé ikú pe ọmọ Rẹ̀, ọmọ Rẹ̀ kò sì jẹ́ ẹ. Halelúyà gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ti ń kọrin ọpẹ́, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí Sylvanus ń bọ̀ níwájú. Òun tí kò jókòó síwájú rí, gbogbo ojú wá ń wò ó. Ó gba máìkì. Ó mú fóònù jáde lábẹ́ sùtánà, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e mọ́ máìkì náà.

Ìmí yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Ó kún gbogbo inú ilé náà, orin sì dáwọ́ dúró díẹ̀díẹ̀.

"Syl," ni Len wí nínú fóònù. Ó wúkọ́. "Èmi ni. Wọ́n ní o ń bọ̀. Mo ń wo ẹnu ọ̀nà." Ìmí tún gùn. "Syl? Ṣé ìwọ nìyẹn?"

Olúfúnkẹ́ ti kúrò láàárín àwọn obìnrin, ó ti di apá sùtánà ọkọ rẹ̀ mú. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bá a sọ̀rọ̀. "Ẹ má dáhùn, Daddy Iyì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ẹ."

"Èmi ni, Len," ni Sylvanus wí sínú máìkì. "Mo ti dé."

Ohùn obìnrin inú fóònù ló dá a lóhùn, pé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́.