Òkun Tí Mo Yà Fún Bàbá Mi

Ẹ fi aṣọ dì mí lójú, kí ẹ ní kí n ya òkè Ọ̀kà, màá yà á. N kò fọ́nnu o. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń fi pẹ́ńsù àti èédú ya àwọn òkúta wọ̀nyẹn, àwọn èèyàn sì ń rà wọ́n. N kò rò pé òkun lè nira fún mi.

Àìsàn bàbá mi ló gbé mi dé òkun. Rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun, ó mú ọwọ́ ọ̀tún wọn, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Nígbà tí a gbé wọn kúrò ní ọsibítù ní Ìkàrẹ́, wọ́n ti lè jókòó, wọ́n ti ń fi ọwọ́ òsì jẹun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde. Nọ́ọ̀sì ní ká máa sọ ohun tí wọ́n fẹ́ràn sí wọn létí. A sọ ọ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko, pàbó ló já sí. Ẹ̀rù bà mí gan-an pé n kò ní gbọ́ ohùn bàbá mi mọ́ láyé.

Ìyá mi ló rántí òkun. Nígbà ọ̀dọ́ bàbá mi, etí òkun lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ ni wọ́n ti ń ra ẹja gbígbẹ wá sí ọjà Ìkàrẹ́, ìròyìn ibẹ̀ kì í sì í tán lẹ́nu wọn.

“Ìwọ tó ò ń ya òkúta kiri,” ìyá mi ní, “lọ ya omi yẹn wá fún bàbá yín.”

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó sórí iyanrìn, tí atẹ́gùn ń bá mi du bébà. Mo ya ìgbì, mo ya àwọ̀n, mo ya ọkọ̀ àwọn apẹja. Àwòrán méjìlá ni mo kó bọ̀, mo sì ti yin ara mi tán kí n tó dé Ọ̀kà.

Mo gbé àkọ́kọ́ síwájú bàbá mi. Wọ́n wò ó títí, wọ́n fajú ro. Wọ́n fi ọwọ́ òsì tẹ ibi tí omi ti pàdé ojú ọ̀run, bí ẹni fẹ́ tì í wálẹ̀. Ẹnu wọn ń mì.

“Ó ga,” wọ́n ní. “Ó ga jù. Òkè nìyí.”

Òótọ́ ni! Ní ìlú wa, ohun tó bá jìnnà síni, òkè ni ojú ti ń rí i, ọwọ́ mi kò sì mọ ọ̀nà mìíràn. Mo ti jẹ́ kí omi gùn lọ sókè lórí bébà, ó tiẹ̀ yọ gegele láàárín. Ọkọ̀ apẹja ń pọ́nkè! Bí méjèèjìlá ṣe rí nìyẹn. N kì í gba kí ẹnikẹ́ni bu iṣẹ́ mi kù, ìjà ni mo máa ń fà. Lọ́jọ́ yẹn, ẹkún ni mo bú sí lórí ẹní.

Ìyá mi kò tiẹ̀ wo ojú ẹkún mi.

“Mú ìkejì wá kíá,” wọ́n ní. “Bóyá bàbá yín á tún rí àṣìṣe níbẹ̀.”