Ọ̀rọ̀ Kan Tí Miriam Kò Béèrè Kí Ó Tó Kọ Ọ́

Kí Miriam Olúbọ̀dé tó di akọ̀ròyìn, olùkọ́ Yorùbá ni. Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìbarà, títí ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà fi kó lọ sí òkè òkun tó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ìdílé tó ti pẹ́ nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ìyá rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, kò sì sí ẹni tó rò pé ọmọ wọn lè máa gun ọ̀kadà kiri abúlé Ẹ̀gbá pẹ̀lú bírò àti ìwé pélébé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì nígbà náà, Ìlérí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni, iṣẹ́ tó sì yọjú ni iṣẹ́ ìròyìn ní ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan láàrin ìlú Abẹ́òkúta. Ó gbà á.

Ó rò pé iṣẹ́ náà kò ní le. Ẹni tó ti ń kọ́ ọmọ ní àròkọ láti ọjọ́ yìí wá, kí ló tún kù tí yóò kọ́ nípa ìròyìn kíkọ? Ìròyìn àkọ́kọ́ tó kọ dá lórí iná tó jó ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bí oòrùn ṣe yọ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ó sọ bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó wá sọ ìtàn ẹni tó dá ibẹ̀ sílẹ̀. Ìlà kọkànlá ni iná tó ràn. Ìlà tó gbẹ̀yìn ló sọ pé ẹ̀rọ márùn-ún ló jóná, àmọ́ ẹ̀mí kankan kò bọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Ògúnwọlé ni olóòtú ìròyìn níbẹ̀, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tó sì máa ń gbé awò ojú rẹ̀ sí iwájú orí. Ó fi bírò pupa fa ìlà gba gbogbo ìwé náà já, ó dá ìlà tó gbẹ̀yìn nìkan sí, ó sì tún un kọ sí òkè ìwé mìíràn.

"Ìyá Ìlérí," ó ní, "àlọ́ lẹ kọ yìí. Apàlọ́ máa ń fi òpin pamọ́ kí ọmọdé má baà sùn lọ. Ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn kò ráyè. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un kí omi ẹ̀bà rẹ̀ tó hó."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ìbéèrè mẹ́fà ló wà, ó ní: ta ni, kí ló ṣe, níbo, ìgbà wo, kí ló fà á, báwo ló ṣe lọ. Ẹni tó bá ń kọ ìròyìn gbọ́dọ̀ dáhùn wọn kí gbólóhùn mẹ́ta tó kọjá. Èyí tó wúwo jù ni yóò síwájú, èyí tó fúyẹ́ ni yóò kẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé bí àkókò kò bá tó lórí afẹ́fẹ́, wọn a gé e láti ìsàlẹ̀, kò sì ní dun ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹnìkan bá sọ, kí orúkọ onítọ̀hún tẹ̀ lé e. Èrò tirẹ̀ ńkọ́? Ó ní ibi tí wọ́n ń gbé ìyẹn sí. Ọ̀rọ̀ olóòtú wà ní ọjọ́ Ẹtì, níbi tí ilé iṣẹ́ náà ti ń sọ tinú rẹ̀. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wà, ìyẹn ìbéèrè àti ìdáhùn láìsí àfikún. Àkànṣe ètò ọlọ́gbọ̀n ìṣẹ́jú sì wà, tí akọ̀ròyìn ti lè jókòó ti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí ó sì sọ bí ibẹ̀ ṣe rí àti bí ibẹ̀ ṣe ń rùn.

"Ṣùgbọ́n nínú ìròyìn," Ògúnwọlé wí, "ohun tí ẹ fojú rí àti ohun tí ẹ fetí gbọ́ nìkan ni mo fẹ́."

Miriam kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n. Láàrin ọdún mẹ́ta, ó ti di ẹni tó lè gbé ìwé lé orúnkún ní ibùdókọ̀ Owódé, kí ó kọ ìròyìn ìpàdé àwọn àgbẹ̀ tán kí mọ́tò tó kún. Ẹlòmíràn ló ń kà á lórí rédíò. Ìyẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohùn òun.

Nínú oṣù kẹrin ọdún kẹrin, ìjì òjò àkọ́rọ̀ jà ní agbègbè Ọ̀dẹ̀dá. Ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Orógbó, ó ṣí òrùlé ilé mẹ́rin. Agogo mẹ́ta ọ̀sán kọjá kí Miriam tó débẹ̀, ìròyìn agogo mẹ́fà sì ń dúró dè é. Ó ka àwọn ilé náà, ó bi baálẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀, ó bi olùkọ́ kan léèrè, ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Bó ṣe ń padà lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà ló rí ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, nínú àgbàlá ilé tí kò lórùlé mọ́. Ìró wọn ti tutù mọ́ wọn lára. Wọ́n gbójú sókè, ètè wọn ń mì. Àánú ṣe Miriam. Ó fẹ́ yà lọ bá wọn, àmọ́ ọlọ́kadà ti ń fọn fèrè, ojú ọ̀run sì tún ti ń ṣú. Ọkùnrin kan tó ń kọjá ló bi pé ta ni màmá yẹn. Ọkùnrin náà ní Ìyá Ọ̀ṣunmọ́lá ni, ọkọ wọn ti kú tipẹ́, àwọn nìkan ló sì ń gbé inú ilé náà. Miriam dúpẹ́, ó gun ọ̀kadà.

Orí ọ̀kadà ló ti to gbólóhùn náà pọ̀: "Lára àwọn tí ìjì náà sọ di aláìnílé ni Ìyá Ọ̀ṣunmọ́lá, opó arúgbó, aláìní tí kò ní alábàárò." Nígbà tí Ògúnwọlé ka ìwé náà, bírò rẹ̀ dúró díẹ̀ lórí ìlà yẹn. Agogo mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó kọjá síwájú.

Àwọn ènìyàn gbọ́ ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ń pe ilé iṣẹ́ rédíò pé ọ̀nà wo ni àwọn lè gbà dé Ìdí-Orógbó. Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ Miriam, tí Harriet ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ olórí wọn, kó aṣọ jọ àti ìrẹsì, wọ́n sì háyà bọ́ọ̀sì kan lọ. Miriam kò lè tẹ̀ lé wọn nítorí iṣẹ́. Lọ́jọ́ ìsinmi, òjíṣẹ́ Ọlọ́run dárúkọ rẹ̀ pé ó ṣeun tó fi iṣẹ́ rẹ̀ ran aláìní lọ́wọ́, inú rẹ̀ sì dùn.

Ó pé ọjọ́ méjìlá sí ọjọ́ ìjì náà tí Rodiat, ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti gba àlejò, wá sọ fún un pé màmá kan ń béèrè ẹni tó kọ ìròyìn ìjì. Miriam jáde. Ó rí Ìyá Ọ̀ṣunmọ́lá lórí àga, ẹ̀yìn wọn gún régé, ìró wọn funfun, ẹ̀gbà idẹ wà lọ́rùn ọwọ́ wọn. Báàgì ńlá mẹ́ta wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ó kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ìwọ lo kọ ọ́?" wọ́n bi í.

"Èmi ni, mà."

"Dìde, jókòó."

Wọn kò pariwo. Wọ́n sọ fún un pé ọmọ mẹ́ta ni àwọn bí, gbogbo wọn ló wà láyé. Àkọ́bí, tó ń lẹ táìlì sílẹ̀ ilé ní Ìlọrin, gbọ́ ìròyìn náà lẹ́nu àna rẹ̀, ó sì pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, ó béèrè bóyá wọ́n ń sọ fáráyé pé òun ti kú ni. Wọ́n ní àwọn ní oko ẹ̀gẹ́, obìnrin mẹ́sàn-án ló sì ń dín gáàrí lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n ní àwọn obìnrin kan gun bọ́ọ̀sì wá láti Abẹ́òkúta pẹ̀lú aṣọ àlòkù, ọ̀kan nínú wọn sì gbé ọwọ́ lé orí àwọn láìgba àṣẹ, ó ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run tú àwọn sílẹ̀ lọ́wọ́ òrìṣà tó sọ àwọn di òtòṣì. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn gan-an ló ń ṣíwájú àwọn obìnrin abúlé lọ sí odò Ọ̀ṣun lọ́dọọdún láti ogún ọdún. Wọ́n ní àwọn dákẹ́ nítorí pé a kì í lé àlejò.

Miriam ṣàlàyé pé òun rí wọn lórí odó lọ́jọ́ náà, pé òun rí i tí ètè wọn ń mì, òun sì rò pé ẹkún ni.

"Páànù ni mò ń kà," màmá wí. "Iye tí yóò bo ilé náà. Káfíńtà ti wà lọ́nà. Mo ti kà á dé méjìdínlógójì kí ariwo ọ̀kadà rẹ tó dà á rú mọ́ mi lójú." Wọ́n tún ẹ̀gbà ọwọ́ wọn ṣe. "Opó ni mí, òótọ́ ni. Arúgbó ni mí. Aláìní, ta ló sọ ọ́ fún ọ?"

Màmá dìde, wọ́n ní àwọn kò mọ ilé àwọn tó kó ẹrù inú báàgì yìí wá, Miriam ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi báàgì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, wọ́n sì lọ wọ mọ́tò.

Ọ̀dọ̀ Ògúnwọlé ni Miriam gbà lọ tààrà. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n ka àtúnṣe lórí rédíò. Olóòtú náà rojú. Ó ní ìròyìn náà ṣe àǹfààní, ilé mẹ́ta yòókù rí páànù gbà látàrí rẹ̀, àti pé àtúnṣe yóò kàn rán àwọn tó ti gbàgbé létí ni. Ó ní nínú ìbéèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, èwo ni wọ́n dáhùn ní òdì? Ìjì jà, abúlé náà nìyẹn, ọjọ́ náà nìyẹn, òrùlé mẹ́rin ló lọ.

"Ta ni," Miriam dá a lóhùn. "Èyí àkọ́kọ́ gan-an ni mo ṣì, sà."

Ògúnwọlé gbé awò ojú rẹ̀ kúrò níwájú orí, ó nù ún fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló jẹ́wọ́ pé òun rí ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà, pé ó kọ òun lóminú, ṣùgbọ́n òun ń wo aago. Ó ní kí ó lọ kọ ọ́.

Kò sí ohun tí Miriam tíì kọ tó nira tó o. Èyí tó kọ́kọ́ kọ kún fún àwáwí: òjò tó ń ṣú, ọlọ́kadà tó ń kánjú. Ó ya á. Ní ìgbà kejì, oríkì ló kọ, ó yin màmá náà débi tí wọ́n fi dà bí ayaba. Ó ya ìyẹn náà, nítorí àánú ló tún pa dà ń kọ ọ́, aṣọ mìíràn ló kàn wọ̀. Nígbà tó yá, ó pe Ìyá Ọ̀ṣunmọ́lá lórí fóònù, ó ka gbogbo rẹ̀ sí wọn létí, wọ́n sì ní kí ó yọ ọ̀rọ̀ méjì kúrò. Ní agogo mẹ́fà ọjọ́ kejì, ní àkókò kan náà tí wọ́n ti ka ti àkọ́kọ́, wọ́n kà á:

"Nínú ìròyìn wa ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí, a pe Ìyá Ọ̀ṣunmọ́lá ti abúlé Ìdí-Orógbó ní aláìní tí kò ní alábàárò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n, obìnrin mẹ́sàn-án ń dín gáàrí lọ́dọ̀ wọn, ọmọ wọn mẹ́ta wà láàyè, àwọn fúnra wọn ló sì tún òrùlé wọn kàn. A kò bi wọ́n léèrè kí a tó sọ ọ́. A tọrọ àforíjì."

Ó fi fóònù gba ohùn náà sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà ní Ìlọrin, ó sì pè é. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó dúpẹ́ ní ṣókí. Ìyá rẹ̀ ní tiwọn sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún Miriam: ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ kọ́ ló gbọ́ ti èkejì. Miriam mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Báàgì mẹ́ta náà ló kù. Lọ́jọ́ ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ó gbé wọn lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin, ó sì dúró níwájú wọn. Ó ní òun lòun rán wọn lọ síbi tí kò yẹ, kí wọ́n dárí ji òun. Ó fi kún un pé àdúrà tí wọ́n gbà lé màmá náà lórí dùn wọ́n. Àwọn kan mirí. Harriet gba ọ̀rọ̀ náà sí ìbínú. Ó ní ṣé àánú ti wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni. Fún oṣù méjì, kì í kí Miriam ju ìkíni orí ahọ́n lọ. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n jọ ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ láìgbójú sókè pé òun lòun gbé ọwọ́ lé orí màmá yẹn. Miriam ní òun mọ̀. Wọ́n jọ gbálẹ̀ náà tán.

Ní oṣù kẹjọ, Miriam padà sí Ìdí-Orógbó. Ògúnwọlé ti fún un ní àkànṣe ètò ọlọ́gbọ̀n ìṣẹ́jú, ó sì fẹ́ fi sọ ìtàn Ìyá Ọ̀ṣunmọ́lá bó ṣe rí gan-an. Ìdí ààrò gáàrí ló bá wọn. Wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀, wọ́n sì kọ̀. Wọ́n ní rédíò ti dárúkọ àwọn tó. Wọ́n fi ọwọ́ júwe obìnrin kan lábẹ́ àtíbàbà, tó dúró ti ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú fún ọ́ìlì. Àfúsá ni orúkọ rẹ̀. Kọ́bapẹ́ ló ti wá, wọ́n ní, òun ló sì ń tún ẹ́ńjìnnì gbogbo abúlé tó wà nítòsí ṣe. Kí Miriam lọ bá a bí ó bá fẹ́ ìtàn.

Miriam jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àfúsá títí oòrùn fi yí. Kò tíì mú bírò jáde. Nígbà tó wá mú un jáde, ó béèrè pé báwo ni ó ṣe fẹ́ kí òun pè é lórí rédíò.

Àfúsá nu ọwọ́ sí àkísà. "Mẹkáníìkì," ó ní.

Miriam kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì bi í bóyá ó ti sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé wọ́n máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí rédíò.