Ọjọ́ Tí A Mú Ìyá Àgbà Lọ Wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìgbó-Ọrà, kò sí ohun tó máa ń bí mi nínú tó ìjáfara àwọn àgbà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí: bí àgbà bá ti wí pé "a ti ń lọ báyìí," kí ọmọ yáa wá ibi jókòó sí ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìjáfara tí ojú mi rí, èyí tó dùn mí jù ni ti ọjọ́ tí a mú Ìyá Àgbà lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, mo máa ń pòṣé ni.

Ìyá Àgbà ló bí bàbá mi. Ìdílé oníṣàngó ló ti wá, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà. Wọ́n ti sọ fún un nílé ìwòsàn pé kò ní pẹ́ tí kò fi ní ríran mọ́. Kò sunkún. Ohun kan ṣoṣo ló tọrọ: kí wọ́n mú òun lọ sí Ifẹ̀, kí òun fi ojú ara òun rí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, òkúta gàgàrà tó ti dúró lóòró níbẹ̀ láti ayébáyé, nítorí pé Ọ̀rànmíyàn ló bí Ṣàngó. "Ẹ jẹ́ n rí i kí ilẹ̀ tó ṣú fún mi," ló máa ń wí.

Èkó ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà àwọn méjì ló háyà ọkọ̀ fún ìrìn àjò náà. Ọ̀kan ni Bàbá Ráfíù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Mùsùlùmí tí kò fi ìrun ṣeré. Èkejì ni ìyá mi, tó ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun. Àwọn méjèèjì kì í fohùn ṣọ̀kan lórí ohunkóhun, àfi bó bá kan ká na èmi Táyé àti Kẹ́yìndé ìkejì mi. Kí ni ẹ rò pé wọ́n ṣe? Olúkúlùkù di ẹrù tirẹ̀ mọ́ ti Ìyá Àgbà. Ìyá mi gbé kẹ́ẹ̀gì dání tí yóò fi bu omi lórí òkè àdúrà kan tí àwọn ará ìjọ rẹ̀ ń sọ. Bàbá Ráfíù fẹ́ kírun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí ńlá, kó sì tún lọ kí àáfà tó kọ́ ọ ní kéú. Ifẹ̀ ni orísun, gbogbo ẹ̀sìn ló ní ilẹ̀ mímọ́ tirẹ̀ níbẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, Ìyá Àgbà ti wẹ̀, ó ti wọ bùbá pupa àti ìró funfun. Iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ló jókòó sí. Nígbà tí a dé Ìkirè, wọ́n ra dòdò fún wa, èyí dúdú tó rọ̀ múlọ́múlọ́, tí ata rẹ̀ ń ta ni lẹ́nu. Epo rẹ̀ kán sí aṣọ wa. Ìyá mi fa èmi àti Kẹ́yìndé létí pọ̀.

A dé Ifẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ká ní ìdí Ọ̀pá la kọ́kọ́ lọ, ọ̀rọ̀ ìbá ti tán. Ṣùgbọ́n ìyá mi ní kí a yà lọ́jà. Ní Ìgbó-Ọrà, ta ní ń yà wo ìbejì? Ilé tí kò bá ní ìbejì ládùúgbò wa gan-an ló yẹ kí wọ́n máa yà wò. Ṣùgbọ́n ní Ifẹ̀, bí ìyá mi ṣe wí pé Ìgbó-Ọrà la ti wá, àwọn obìnrin rọ̀gbà yí wa ká. Ẹnì kan mú àkàrà wá, ìjà sì dé.

"Táyé ni kí ẹ kọ́kọ́ fún, òun ló kọ́kọ́ wáyé!"

"Irọ́ ni o! Kẹ́yìndé lẹ̀gbọ́n. Òun ló rán Táyé kó lọ tọ́ ayé wò."

Dípò kí ìyá mi ní a ń kánjú, ó dá sí i! A wá wo Ifẹ̀, Ifẹ̀ ló wá ń wò wá. Ìyá Àgbà yọjú nínú ọkọ̀. "Ìyá Ìbejì, oòrùn ń lọ o."

"Ẹ fara balẹ̀, Ìyá. Òkúta ni, kò ní sá lọ."

Lẹ́yìn ọjà, ó kan mọ́ṣáláṣí. Wáàsí gùn. Nígbà tí a dé ilé àáfà, ó ní àlejò òun kò gbọdọ̀ lọ lófìfo, ìgbà yẹn ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ iṣu tí wọn yóò fi gúnyán. Nígbà tí a jẹ iyán tán, ìyá mi gun òkè lọ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, kò sì tètè sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Ráfíù ń kùn pé àdúrà rẹ̀ ti pọ̀ jù, bí ẹni pé òun kọ́ ló jókòó pẹ́ nídìí iyán lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Àgbà kò kúrò nínú ọkọ̀. Ó ń bi mí pé, "Táyé, oòrùn dà?" Nígbà tó yá, mi ò lè fara dà á mọ́. Mo pariwo pé, "Ẹ jẹ́ ká lọ jàre!" Bàbá Ráfíù gbá mi létí, ó ní ẹnu mi ti gbó jù.

Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ nígbà tí a dé ibi Ọ̀pá. Wọ́n ti ti géètì, ẹni tó ń ṣọ́ ọ ti lọ sílé. Awakọ̀ ní òun kò lè sùn sí Ifẹ̀. Ni Bàbá Ráfíù àti ìyá mi bá bẹ̀rẹ̀.

"Iyán yín ló fà á!"

"Kẹ́ẹ̀gì rẹ ni!"

Ibi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni Ìyá Àgbà ti sọ̀ kalẹ̀. Ó na ọwọ́ síwájú, ó rọra ń táràrà lọ lẹ́bàá ọ̀nà, títí ọwọ́ rẹ̀ fi ba ohun kan tó ga. Ó gbá a mọ́ra. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki Ọ̀rànmíyàn pẹ̀lú omijé.

Òpó iná ni. Òpó iná ìjọba tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ!

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá mi fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Bàbá Ráfíù, tí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ òrìṣà sétí, bọ́ fìlà, ó dorí kodò. Àwọn méjèèjì ló di Ìyá Àgbà lọ́wọ́ mú padà sínú ọkọ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ojú Ìyá Àgbà fi pa dé pátápátá. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń sọ fún pé òun rí Ọ̀pá, pé ó tutù, ó sì ń dán. Àwọn tó ti dé Ifẹ̀ rí mọ̀ pé irin kéékèèké ni wọ́n gbá mọ́ ọn lára, wọn yóò wo ìyá mi, ìyá mi yóò sì wo ilẹ̀. Láti ìgbà náà, òun àti Bàbá Ráfíù kò jà mọ́ lójú wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà, ó ní, "Táyé, ṣé òkúta máa ń kùn?"

"Rárá, Ìyá."

"Èyí tí mo gbá mọ́ra lọ́jọ́sí ń kùn bí oyin. Wáyà iná ni."

Ẹnu yà mí. "Ẹ mọ̀, Ìyá?"

"Ojú mi ló fọ́, etí mi kò di. Bí mo bá ní n kò rí i, ìyá rẹ àti Bàbá Ráfíù yóò máa ti ẹ̀bi síra wọn lọ́rùn títí wọn ó fi sin mí. Má sọ fún wọn."

Lónìí, ọ̀nà ti yá. Láìpẹ́ yìí, èmi àti Kẹ́yìndé kó àwọn ọmọ wa lọ sí Ifẹ̀. A kò yà síbì kankan, géètì wà ní ṣíṣí, oòrùn ràn yòò. Kí ni àwọn ọmọ ṣe? Wọ́n kẹ̀yìn sí Ọ̀pá, wọ́n gbé fóònù sókè, wọ́n ṣu ẹnu jọ, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì sá padà sínú ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Nígbà tiwa, ẹni tó fẹ́ rí i kò ríran. Àwọn wọ̀nyí ríran kedere, wọn kò wò ó! Mo pariwo mọ́ wọn títí ohùn mi fi há. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀, ó ti wà nínú fóònù."

Mo fi wọ́n sílẹ̀. Mo dúró níwájú òkúta náà, mo wò ó láti ìdí dé orí títí ọrùn fi ń ro mí. Mo dijú, mo tẹ́tí sí i. Kò kùn rárá. Bí inú ṣe ń bí mi tó yẹn, ẹkún ni mo bú sí.