Ọjọ́ Tí Omi Òkun Naxos Gbé Màmá

Ọkọ̀ òfurufú wa kò ní gbéra ní Toronto títí di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kó tó di aago márùn-ún àárọ̀, ilẹ̀ kò tíì mọ́, Màmá ti wẹ̀, wọ́n ti wọṣọ, wọ́n sì ti jókòó ti báàgì wọn ní pálọ̀ wa ní Meadowvale. Mo sọ̀ kalẹ̀ wá tanná, mo bi wọ́n pé kí ló dé.

"Ọkọ̀ kì í dúró de èrò," ni wọ́n wí.

"Màmá, ó ṣì ku wákàtí méjìlá."

"Ìyẹn náà kò pẹ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé wa dé ìdí ìrìn àjò yìí. Ẹ̀bá ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí Màmá sí, wọ́n sì ti ń lúwẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó mọ ìwé í kà. Wọ́n ti pé ọdún méjìléláàádọ́rin báyìí, orúnkún wọn méjèèjì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá kí wa lọ́dún yìí, mo mú wọn lọ sí Port Credit kí wọ́n lè rí adágún ńlá wa. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan bọ omi, wọ́n sì yára fà á padà. Wọ́n ní omi yẹn kò fẹ́ràn èèyàn. Nínú mọ́tò nígbà tí à ń padà bọ̀ ni wọ́n wá sọ ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. "Kọ́lá, lórí ilẹ̀, èmi ni mò ń gbé ara mi, ó sì ti sú mi. Ó ti tó ogún ọdún tí omi ti gbé mi kẹ́yìn. Kí n tó padà sílé, mo fẹ́ kí omi tún gbé mi lẹ́ẹ̀kan sí i."

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Brampton ni pé mo máa ń ṣètò ìrìn àwọn ọkọ̀ akẹ́rù: èyí tó máa lọ, ìgbà tó máa lọ, ọ̀nà tó máa gbà. Èmi kì í ṣe ẹni tí ọkọ̀ ń fi sílẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún péré ni ọ̀gá mi fún mi, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni Màmá sì máa wọkọ̀ padà sí Nàìjíríà. Mo yan erékùṣù Naxos ní ilẹ̀ Gíríìkì nítorí omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sì jìn kí èèyàn tó tẹ ìsàlẹ̀. Mo gba físà Màmá, mo gba tíkẹ́ẹ̀tì, mo wá tẹ ìwé ètò kan jáde tó to gbogbo ohun tí a máa ṣe ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo yọ ọjọ́ tí ọkọ̀ òfurufú àti ọkọ̀ ojú omi máa jẹ kúrò, ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù fún etíkun. Ọmọ mi Tèmi, ọmọ ọdún méjìlá, wo ìwé náà, ó ní, "Daddy, you put bathroom breaks on it." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, inú mi sì dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Kí ẹ mọ èyí nípa Tèmi: Canada ni a bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, àwọn kan fi bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀ ṣe ẹlẹ́yà lẹ́yìn ìsìn, láti ọjọ́ náà ló ti kó Yorùbá pamọ́. Bí Màmá bá bá a sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi dáhùn, "Yes, Grandma", "No, Grandma". Ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì ni, kò ráyè kúrò lẹ́nu ṣíìfù rẹ̀. Òun ló wà wá dé pápákọ̀.

A fò mọ́jú dé Athens, a sùn síbẹ̀, lọ́jọ́ kẹta a wọ ọkọ̀ ojú omi fún nǹkan bí wákàtí márùn-ún. Ọkọ̀ náà ga bí ilé alájà mẹ́jọ, mọ́tò àti alùpùpù ló kún inú rẹ̀ nísàlẹ̀. Màmá kò jókòó nínú ilé. Ẹ̀gbẹ́ irin ni wọ́n wà títí, tí wọ́n ń wo omi. Ìrọ̀lẹ́ la dé Naxos. Ilé funfun ni gbogbo wọn, ọ̀nà àárín wọn tóóró, àwọn arúgbó sì gbé àga síta síwájú ilé wọn, wọ́n ń wo ẹni tó ń kọjá, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Ẹ̀pẹ́. Ní Meadowvale, ilẹ̀kùn gáréèjì nìkan ló ń kọjú sí títì. Màmá kí gbogbo wọn ní Yorùbá, wọ́n sì jẹ́ wọn ní Gíríìkì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ tí a tìtorí rẹ̀ wá, a dé ibùdókọ̀ nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́sàn-án lù. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù kan létí ibẹ̀, kò tó yúrò méjì lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Etíkun tí à ń lọ, Agios Prokopios lorúkọ rẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Bọ́ọ̀sì méjì ló dúró síbẹ̀. Mo bi awakọ̀ ti àkọ́kọ́ pé, "Prokopios? Beach?" Ó ní, "Nẹ̀, nẹ̀." Létí tèmi, "no, no" ló sọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo kó ẹbí mi lọ sídìí ìkejì.

Awakọ̀ kejì ń ju ẹrù sábẹ́ bọ́ọ̀sì. Mo bi í bákan náà. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó gbé ìpéǹpéjú sókè, ó ní, "Óhì." Ẹni tó bá gbé orí sókè sọ́dọ̀ mi báyẹn, mo gbà pé ó ní kí n wọlé ni. Èrò ń tì wá lẹ́yìn, ni mo bá na ọwọ́ sí Màmá. Wọn ò gùn ún.

"Kọ́lá, ọkùnrin yìí ní ó tì."

"Màmá, Gíríìkì ló ń sọ, kì í ṣe Yorùbá."

"Mo gbọ́ ọ. Ó ní ó tì."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé, ọkọ̀ ti fẹ́ lọ."

Wọ́n wọlé. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. A kọjá oko ọ̀dùnkún, a kọjá igi ólífì àti ewúrẹ́. Òkun wà lẹ́yìn wa, ó ń kéré sí i. Mo ń wo ìwé ètò mi bí ẹni pé òun ló ń wakọ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dúró ní abúlé kan lórí òkè, tí gbogbo èèyàn bọ́ sílẹ̀, mo bi awakọ̀ ìgbà tó ń padà. Ó na ìka mẹ́ta sókè. Aago mẹ́ta ọ̀sán nìyẹn, ọkọ̀ ojú omi wa sì máa ṣí ní aago márùn-ún ààbọ̀. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá dúró de bọ́ọ̀sì yẹn, Màmá á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú omi, ìyẹn bí orúnkún wọn bá lè sáré. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ti kó ìyá mi la òkun kọjá láti wá wo ewúrẹ́.

Màmá kò bá mi wí. Wọ́n kàn ní, "Bí èèyàn ò bá ṣìnà, kò ní mọ̀nà," wọ́n sì jókòó sábẹ́ igi ńlá kan níwájú ilé kọfí. Obìnrin kan tó ti tó ọgọ́ta ọdún jáde síta, ó so épúrọ́ọ̀nù mọ́dìí. Katerína lorúkọ rẹ̀, òun ló ni ibẹ̀. Ó ju ọwọ́ sí wa, ó ní, "Élà, yàyá, élà!"

Màmá gbá báàgì wọn mú, wọ́n dìde. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ń pè wá, ẹnu rẹ̀ ń lé wa. Ó ní ẹ lọ." Wọ́n tún ronú díẹ̀. "Àmọ́ ta ló sọ fún un pé Yèyé ni àwọn ọmọ-ọmọ mi ní Ẹ̀pẹ́ ń pè mí?"

Tèmi ti ń tẹ fóònù rẹ̀. "It means come, Grandma. Éla is come. And yiayia is grandma." Ó tún wo fóònù náà. "That's kind of the same as Yèyé."

A wọlé. Katerína gbé ọ̀dùnkún tí wọ́n fi òróró ólífì dín wá, pẹ̀lú wàrà líle tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, tó le ju wàrà tiwa lọ, tó sì níyọ̀. Gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú kọfí kò ju yúrò méjìlá lọ. Màmá jẹun dáadáa. Nígbà tí Katerína tún fẹ́ bu òmíràn sí i, Màmá fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwo wọn, wọ́n ní, "Ó tì."

Katerína dúró. "Óhì?"

"Ó tì."

"Óhì!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó gbá Màmá léjìká, ó gbé àgbọ̀n sókè bí awakọ̀ yẹn ṣe gbé e. Àwọn méjèèjì ń sọ ọ́ sí ara wọn bí ọmọdé. Lẹ́tà àárín rẹ̀ ló yàtọ̀. Ohùn rẹ̀, òkè lẹ́yìn náà ìsàlẹ̀, tiwa gan-an ni.

Tèmi gbé ojú sókè sí mi. "Daddy. Óhi is no. The driver was telling you no. Grandma told you." Ó yíjú sí Katerína. "So what's ne?"

"Nẹ̀?" ni Katerína wí. "Nẹ̀ is yes."

Mo fi ìwé ètò mi bojú. Mo ti ṣètò ìṣẹ́jú tí a máa tọ̀, mi ò kọ́ bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé gorí igi, kò rí i. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta sì ni ọmọdé ọ̀hún.

Màmá wá kọjú sí Katerína, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ ní Yorùbá pọ́ńbélé, láìyára, bí ẹni ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n fọwọ́ kan orúnkún wọn. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ gbalaja, wọ́n ń mi wọ́n bí ìgbì. "Mo fẹ́ kí omi gbé mi," ni wọ́n wí. Katerína fọwọ́ kan orúnkún tirẹ̀ náà. Ó ní, "Tálásà." Èmi gan-an mọ̀ pé òkun ló ń wí. Ó wo aago ara ògiri, ó bọ́ épúrọ́ọ̀nù, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ó fi ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ sọ fún wa pé wàrà tó yẹ kó gbé lọ fún ilé oúnjẹ kan létíkun ní ìrọ̀lẹ́, á kúkú gbé e lọ báyìí. "Élà, yàyá."

"Mo ń bọ̀," ni Màmá dáhùn, wọ́n sì ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rí báàgì.

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rẹ̀ ń rùn fún wàrà, Màmá jókòó níwájú bí olorì. Aago kan kò tíì lù nígbà tí Katerína já wa sílẹ̀ létíkun. Mo na owó sí i. Ó ní, "Óhì." Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbọ́.

Iyanrìn ibẹ̀ tóbi bí gàrí tí wọn ò kù dáadáa, omi rẹ̀ sì mọ́ débi pé a rí ojúgun àwọn tó dúró nínú rẹ̀. Ogún yúrò ni wọ́n ń fi agbòòrùn kan àti bẹ́ẹ̀dì méjì háyà fúnni. A tẹ́ aṣọ wa sábẹ́ igi lọ́fẹ̀ẹ́. Màmá ró ìró mọ́ àyà, mo di apá ọ̀tún wọn mú, Tèmi di tòsì. Ìrìn tí ọmọdé á fi ìṣẹ́jú kan rìn, a rìn ín fún mẹ́wàá, wọ́n sì ń mí kíkankíkan. Nígbà tí omi dé ìbàdí, wọ́n ní kí n fi wọ́n sílẹ̀. Mi ò fi wọ́n sílẹ̀.

"Kọ́lá. Fi mí sílẹ̀."

Mo tú ọwọ́. Wọ́n fara lé ẹ̀yìn, wọ́n na apá, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì léfòó, ìró wọn sì tàn yí wọn ká. Orúnkún tó ti ń da ìyá mi láàmú láti ọjọ́ pípẹ́ wá kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe mọ́. Wọ́n di ojú, wọ́n rẹ́rìn-ín. Omi gbé wọn. Mo sunkún níbẹ̀, n kò fi pamọ́. Òyìnbó kan tó wà nítòsí wò wọ́n títí, ó bi mí bóyá mo mọ ìyá yẹn. Mo ní, "That's my mother," mo sì tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì láìjẹ́ pé ó bi mí.

Tèmi ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ oníkẹ́míkà nítòsí ilé wa ní Mississauga, ṣùgbọ́n òkun bà á lẹ́rù. Màmá pè é sọ́dọ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. "Gbé àyà sókè. Má bá omi jà, kì í ṣe ọ̀tá rẹ. Tú ara sílẹ̀."

"Mo ti tú u sílẹ̀, Yèyé."

Ohùn ọ̀rọ̀ náà wọ́ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Màmá kàn rọra yọ ọwọ́ kúrò, àwọn méjèèjì sì wà lórí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, tí mo pè wọ́n pé ó ti tó, ẹnu kan náà ni wọ́n fi dá mi lóhùn: "Ó tì." Mo fún wọn ní ìdajì wákàtí sí i, a sì tún bá ọkọ̀ ojú omi.

Ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún la dé Meadowvale. Mi ò tíì ju ìwé ètò náà nù. Ó wà lórí tábìlì mi níbi iṣẹ́, kí n lè máa rántí pé kí n tó ṣètò ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí n kọ́kọ́ fetí sí i. Màmá dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé wa, wọ́n wo àtẹ̀gùn mẹ́tàlá náà, wọ́n di irin mú. Mo fẹ́ sún mọ́ wọn, àmọ́ Tèmi ti dé ẹ̀gbẹ́ wọn ṣáájú mi.

"Yèyé, ṣé orúnkún yín ń dùn yín?"

"Ó ń dùn mí dáadáa," ni Màmá wí, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. "Ṣùgbọ́n omi ti gbé mi."