Ọdún Tó Sápamọ́ Sábẹ́ Igi Ìbọn

Lọ́jọ́ tí Pítà àti Jéènì, àbúrò rẹ̀, pàdé ní ṣọ́ọ̀bù wa, ọ̀gá mi ní kí n lọ gbé omi tíì kaná, torí ó ti rí i pé ìjà ń bọ̀. Kí omi tó hó, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìbọn bàbá àgbà ni!" Pítà ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. "Òun ló gbé e bọ̀ láti ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Ọdún rẹ̀ wà lára irin yẹn, ẹ lọ kà á."

Jéènì ò gbé ohùn sókè. "Bàbá wa fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé òun lòun tún un ṣe nígbà ogun kejì. Ṣé irọ́ ni bàbá wa pa?"

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ìjà ọmọ ìyá ò lédè. Ẹ̀gbọ́n ń gbé ní Goresbrook, àbúrò ń gbé nítòsí ọgbà Valence, wọn ò jìnnà síra wọn, síbẹ̀ wọn ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá wọn. Irun àwọn méjèèjì ti funfun. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan fẹ́ gba ìbọn náà, wọ́n sì fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìtàn ta ni wọn yóò kọ, ti bàbá àgbà ni àbí ti bàbá? Ohun tó kó wọn pàdé nìyẹn. Wọ́n ní kí ṣọ́ọ̀bù wa wádìí ọjọ́ orí ìbọn náà, ọ̀gá mi sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló gbé obìnrin Ìjẹ̀bú dé ìdí ìbọn. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Nígbà tí mo dé London, iṣẹ́ ìmọ́tótó ni mo kọ́kọ́ rí, ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dagenham Dock. Ojoojúmọ́ ni mò ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Ray kọjá, tí mò ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ, tí ọwọ́ ń yún mi. Lọ́jọ́ kan mo wọlé, mo ní iṣẹ́ ni mò ń wá. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó na irin sí mi, ó ní, "Gbẹ́ ẹ, kí n wò ó." Bí mo ṣe dúró tì í nìyẹn títí ọjọ́ ogbó.

Ìbọn àwọn ọmọ ogun àtijọ́ là ń tún ṣe, àwọn tí wọ́n ti dí ihò wọn, tí kò ṣeé yìn mọ́. Nígbà tí ìyá ìjọ wa gbọ́, ó di orí mú. "Sister Bísí, ìbọn kẹ̀? Nínú ìjọ aláṣọ funfun?"

Mo ní, "Mọ̀mí, àwọn ìbọn wọ̀nyí ti fẹ̀yìntì. Kò sí èyí tó lè pa eṣinṣin nínú wọn."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ṣì gbàdúrà sí ọwọ́ mi méjèèjì.

Ọ̀gá Ray ló kọ́ mi pé ìbọn kan lè ní ọjọ́ ìbí méjì. Ara ìbọn lè pẹ́ gan-an. Ọ̀pá rẹ̀, irin gígùn tí ọta ń gbà jáde, ló máa ń tètè gbó, wọn a sì pààrọ̀ rẹ̀. Ọdún ọ̀pá máa ń wà lábẹ́ igi tó bo ìbọn, ibi tí ojú ò tó. Ọ̀pá tí wọ́n ṣe nígbà tí ogun kejì ń parí lọ kì í ṣòro dá mọ̀: kò sáyè láti mú un dán, nítorí náà àpá ọ̀bẹ ẹ̀rọ ṣì wà lára rẹ̀, yíká-yíká, bí ipa ìgbálẹ̀ lára àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

Mo tú igi tó wà lára ìbọn náà. Àwọn àpá yíká-yíká bí òrùka yẹn ni mo kọ́kọ́ rí. Mo nu ọ̀rá tó ti gbẹ síbẹ̀. Ọdún tí ogun kejì parí ló hàn. Bẹ́ẹ̀ ọdún ogun àkọ́kọ́ ló wà lára ìbọn náà gan-an.

Mo fi ayọ̀ pe ọ̀gá mi. Kò bá mi yọ̀. "Ọdún tí wọ́n ṣe ọ̀pá nìyẹn. Ó lè wà ní ilé ìkẹ́rùsí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnì kan tó dè é mọ́ ìbọn. Ta ló dè é?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́. Mo padà sídìí ọ̀pá náà. Ẹni tó bá de ọ̀pá tuntun gbọ́dọ̀ fi òǹtẹ̀ irin lu nọ́ńbà ìbọn sí i lára. Ẹni yìí lù ú dáadáa, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí nọ́ńbà 7 wà ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ gé, bíi pé òǹtẹ̀ náà kán lẹ́sẹ̀.

Mo pe Jéènì. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé irinṣẹ́ bàbá yín ṣì kù nílé?"

"Àpótí kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Mi ò lè kó o dànù."

Mo ní kó gbé e wá, mo sì pe Pítà náà. Òǹtẹ̀ nọ́ńbà pé nínú àpótí náà, ó ti dípẹtà. Mo mú òǹtẹ̀ nọ́ńbà 7, mo lù ú sára òjé kan. Mo gbé òjé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, mo na awò tó ń sọ nǹkan di ńlá sí Pítà. Bí kò bá bára mu, èmi ni mo tún dá kún ìjà wọn.

Ó wò ó títí. Ó sọ awò náà kalẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra nọ́ńbà 7 tó wà lára irin.

"Bàbá mi ni," ló wí. Lẹ́yìn náà ó bi mí jẹ́jẹ́, "Bàbá àgbà wá ńkọ́?"

"Ara ìbọn náà ti ayé tiwọn ni, sà. Irin ò lè sọ orúkọ ẹni tó gbé e, ṣùgbọ́n kò ta ko ọ̀rọ̀ yín."

Jéènì ló kọ́kọ́ sunkún. Pítà ti àga sún mọ́ ọn, ó jókòó, ó ní, "Sọ ọ́ fún mi. Kí ni bàbá wí gan-an?" Èmi àti Ọ̀gá Ray bọ́ síta fún wọn. Ife tíì mẹ́rin tí mo pò lọ́jọ́ náà tutù sórí tábìlì.

Èmi náà ti fẹ̀yìntì báyìí. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi kan, mo mú ìyá ìjọ wa lọ wo ìbọn náà níbi tí wọ́n gbé e sí. Orúkọ bàbá àgbà àti ti bàbá wọn ló wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Pítà alára ló dúró níwájú rẹ̀, ó ń ṣàlàyé ọ̀pá ìbọn fún àwọn àlejò, Jéènì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibì kan wà tí kò sọ dáadáa nínú ọ̀rọ̀ òrùka ara irin yẹn. Mo lanu kí n tún un ṣe.

Ìgbà yẹn ni obìnrin kan bi í pé báwo ló ṣe mọ gbogbo èyí.

"Àbúrò mi ti sọ ọ́ tipẹ́," ni Pítà wí. "Èmi ni mi ò gbọ́."

Mo pa ẹnu mi dé.