Afẹ́fẹ́ Tí Wọ́n Tún Ṣe Dè Mí ní Lánlátẹ̀

Ọyẹ́ ò tíì jẹ́ kí ojú ọ̀nà hàn nígbà tí mo kúrò n'Íbàdàn. Mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn èéfín lé itan bí ọmọ tuntun. Awakọ̀ gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà dé Èrúwà. Bí a ṣe kọjá Ìdó, kùrukùru bo igi tó fi ku orí wọn nìkan, èmi náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú lọ. Iṣẹ́ mi ni afẹ́fẹ́. Èéfín igi kì í kàn ṣègbé lókè: oòrùn á tàn sí i, á di nǹkan mìíràn, atẹ́gùn á sì gbé e lọ bá ẹni tí kò mọ ẹni tó dáná. Ibi tí mo rò ó dé nìyẹn tí oorun fi gbé mi.

"Ọ̀gá, Èrúwà rèé o!" ni awakọ̀ ké. "Ṣé ẹ̀rọ yín ló ń hanrun ni, àbí ẹ̀yin?"

Ọ̀kadà gbé mi dé Lánlátẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí níbẹ̀ ti ń wúkọ́ tipẹ́. Bí ẹ̀rọ bá fi hàn pé èéfín wọn pọ̀ jù, ilé iṣẹ́ wa máa kọ́ àrò tó ní ọ̀pá èéfín fún wọn. Ọjọ́ kan péré ni mo ní. Ẹ̀rọ ń lọ sí ibòmíràn lọ́jọ́ kejì.

Ìyá Kẹ́hìndé, olórí wọn, ń kí mi lọ́wọ́ ni ikọ́ gé ìkíni náà sí méjì. Lọ́fíìsì wa, àlejò á kọ́kọ́ sọ ohun tó bá wá. Níbí, ẹ̀bà gbígbóná àti ọbẹ̀ ilá ló ṣáájú. Mo jẹun, mo tan ẹ̀rọ, mo fẹ̀yìn ti igi. Atẹ́gùn ń fẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ojú mi sì ń lọ. Ibẹ̀ tura jàre.

Lọ́sàn-án mo wo ẹ̀rọ. Afẹ́fẹ́ mọ́ roro! Mo bojú wo àrò: gbogbo wọn ti tutù. Èmi onímọ̀ ò béèrè iná láti àárọ̀!

"Ẹ̀yin ìyá mi, iná dà?"

"A ti pa á kí ẹ tó dé," ni Ìyá Kẹ́hìndé fèsì, inú rẹ̀ dùn. "Kí èéfín máa ta àlejò lójú? Ká má rí i!"

"Ẹ̀gẹ́ tí ẹ ti rin ńkọ́?"

"Á kan jù. Kò burú."

Ojú tì mí, àánú wọn sì ṣe mí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dáná bí ìṣe wọn, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè fi èéfín lé àlejò bí ẹni ń lé òkété. Ni mo bá bọ́ bàtà, mo ká apá aṣọ.

"Ó dáa, mi ò ṣe àlejò mọ́. Ẹ gbà mí síṣẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, iná sì ràn. Kí n tó yan páànù kan tán, omi ti ń dà lójú mi, ikọ́ ti mú mi, nọ́ńbà ẹ̀rọ sì ń gòkè. Àrò wọn ti dájú.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo délé. Kò síná, mo bá tan jẹnẹrétọ̀. Ikọ́ Bàbá Ṣadé, aládùúgbò mi, jáde láti fèrèsé wọn tí ihò èéfín jẹnẹrétọ̀ mi kọjú sí. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ikọ́ náà. Mo pa jẹnẹrétọ̀, mo lọ sójú fèrèsé.

"Bàbá, ẹ má bínú."

"Kò séwu, Ọ̀mọ̀wé," ni wọ́n wí. "Mo rò pé iṣẹ́ afẹ́fẹ́ yín ló ń lo jẹnẹrétọ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ̀rọ̀."